Ẹ̀rọ adarí-eré tí mo so mọ́ fáànù ilé ìlọ̀yẹ̀fun

Èmi ni mo ń bójú tó iná níbi tí a ti ń lọ àlìkámà. Fáànù ńlá tó ń fa ìyẹ̀fun gba inú páìpù lọ kì í ṣe ọmọdé. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ti tan án, gbogbo gílóòbù á ṣẹ́jú, torí mọ́tò tó bá gbéra lójijì lè fa iná tó tó ìlọ́po 6 sí 8 èyí tó ń jẹ bó bá ti ń sáré dáadáa. Adarí-eré yìí, ẹ̀rọ tó ń pinnu bí mọ́tò ṣe máa yára tó, ń mú un gbéra díẹ̀díẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ wú mi lórí jù ni pé bí eré fáànù bá wálẹ̀ sí 80 nínú 100, iná tó ń jẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì.

Ẹ má ṣe wọ̀bìà o. Mo dín eré fáànù náà kù jù lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyẹ̀fun dí páìpù pa, ilẹ̀ mọ́ bá wa níbi tí a ti ń kó o.

Eruku ni ọ̀tá adarí-eré yìí. Láàárín oṣù méjì, ó ti dí ojú atẹ́gùn rẹ̀, ooru mú un, ó pa ara rẹ̀. Mo ní láti gbé e lọ sí yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ìwé ìtọ́ni rẹ̀? Ẹ fojú fò ó. Mo ti ní kí wọ́n gbé adarí-eré mìíràn wá fún kọ̀mpírẹ́sọ̀.