Férémù Orúkọ Ọmọ tí Mo Ṣe ní Kábà: Iṣẹ́ Ọwọ́ Dára, Ìtumọ̀ Kò Péye

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà bímọ, tó sì ránṣẹ́ sílé pé Nevaeh ni orúkọ tí ọkọ òun yàn, ìyá wa ní kí n ṣe férémù orúkọ náà àti ìtumọ̀ rẹ̀, kí a lè gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ ní Kábà kí gbogbo àlejò rí i. Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan nítòsí ọjà, mo sì san náírà 15,000.

Ọwọ́ wọn mọ́. Igi férémù náà le, dígí rẹ̀ kò ní àléébù kankan, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọ́n fi àmì ohùn sí Ọpẹ́yẹmí, orúkọ tí ìyá wa fún ọmọ náà, láìjẹ́ pé mo rán wọn létí.

Ìtumọ̀ ni wọ́n ti kùnà. Wọ́n kọ ọ́ pé inú èdè Hébérù àtijọ́ ni Nevaeh ti wá, pé ó sì wà nínú Bíbélì. Kò sí nínú Bíbélì rárá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà heaven, tí í ṣe ọ̀run, ni wọ́n kọ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹni tó bá ka lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti òpin yóò rí i fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1999, ọmọbìnrin 8 péré ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2000 ni Sonny Sandoval, olórin ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ P.O.D., gbé ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Nevaeh hàn lórí tẹlifíṣọ̀n MTV, àwọn òbí sì gba orúkọ náà tọwọ́tẹsẹ̀, débi pé ọmọ 4,457 ni wọ́n sọ ọ́ ní ọdún 2005, tó sì bọ́ sí ipò 70 láàrin orúkọ ọmọbìnrin níbẹ̀.

Ó jọ pé ẹni tó kọ ìtumọ̀ náà rò pé orúkọ tí kò bá ti pẹ́ láyé kò níyì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ọdún mẹ́jọ sì ni àwọn òbí ọmọ yìí fi gbójú sókè wo ọ̀run kí ó tó dé. Ìyá wa kọ́kọ́ fòyà, ó bi mí bóyá wọn kò ti dojú ọ̀run kodò báyìí. Nígbà tí mo sọ ti ọdún mẹ́jọ náà fún un, omi lé ròrò sí i lójú.

Ilé ìtẹ̀wé náà gba àṣìṣe wọn láìjiyàn, wọ́n sì tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó rí i gbà. N óò tún gbé iṣẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtumọ̀ sórí ìwé kí ó tó kúrò nílé. Ohun tó wà lábẹ́ dígí wa báyìí ni èyí: “Ọ̀run, tí a kà láti ẹ̀yìn; orúkọ tuntun, fún ọmọ tí a ti ń retí tipẹ́.”