Bẹ́ńṣì tá a fẹ́ máa tún ọta kì lórí ẹ̀: ká ra ti inú páálí ni, àbí àlòkù, àbí ká kàn án fúnra wa?

Tó bá jẹ́ pé press yín, ìyẹn ẹ̀rọ alápá tá a fi ń tún ọta kì, ti wà nílẹ̀, tí dáì, ìyẹn irin tó ń tẹ kòròfo (ilé ọta tí wọ́n ti yìn) padà sí ìwọ̀n, ti dé, tí sikéèlì náà ti dé, tó wá ku ibi tẹ́ ẹ máa gbé gbogbo ẹ̀ lé, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó náwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra bẹ́ńṣì nítorí ohun tí wọ́n kọ sára páálí, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń bèèrè. Nínú àwọn tí mo fẹ́ fi wéra yìí, mo ti ra ti inú páálí, mo sì ti kan tèmi, èyí tí mò ń lò títí di báyìí. Àwọn yòókù, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo ti ṣiṣẹ́ lórí wọn.

Mi ò ní pẹ́ lórí ìwọ̀n. Fíìtì mẹ́rin sí mẹ́fà ní gígùn, fíìtì méjì ní fífẹ̀, ó tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa jókòó, gíga bíi íńṣì 30 dáa, tó bá jẹ́ ìdúró ni, 36 sí 42, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n. Àwọ̀, dúrọ́ọ̀, ibi tí wọ́n ń fi irinṣẹ́ kọ́, ìyẹn wù yín ni o, kò kan ọta.

Ohun tó ń jẹ èèyàn lówó níbí ni mímì.

Ẹ wò ó báyìí. Tẹ́ ẹ bá fa apá press wálẹ̀ láti ti kòròfo ọta bọnú dáì, apá yẹn ò sí lókè bẹ́ńṣì, iwájú ló yọ sí, ó ti kọjá ẹsẹ̀ iwájú, ibẹ̀ sì ni gbogbo okun yín ń lọ. Nítorí náà bẹ́ńṣì á fẹ́ dà sọ́dọ̀ yín, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fẹ́ kúrò nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé apá yẹn padà sókè, bọ́ọ̀lù kékeré tó wà láàárín dáì, èyí tó ń la ọrùn kòròfo, á há síbẹ̀ díẹ̀, pàápàá tí epo inú ọrùn yẹn ò bá tó, ẹ̀yin náà á fi agbára kún un, ìgbà yẹn ló máa wá kan iwájú bẹ́ńṣì láti fẹ́ gbéra nílẹ̀. Bó ṣe ń rí nìyẹn fún kòròfo kọ̀ọ̀kan, síwá sẹ́yìn, sókè sódò. Ọta ìbọn ìléwọ́ bíi 9mm, tẹ́ ẹ bá ní dáì carbide, ìyẹn èyí tí inú ẹ̀ le gan-an tó sì ń dán, kì í le tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè má tiẹ̀ fura. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé orí ọta ráífù bíi .308 tàbí .30-06 tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ gbogbo ara ẹ̀ padà sí ìwọ̀n, ibẹ̀ lẹ máa mọ irú bẹ́ńṣì tẹ́ ẹ rà.

Kílò tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ńkọ́? Ohun tíyẹn ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá to ẹrù jẹ́jẹ́ sórí ẹ̀, kó kárí, kó má sì mira, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní tẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n agbára tó ń wá látiwájú, tó ń fà á, tó tún ń tì í, nǹkan kan ò sí nínú nọ́ńbà yẹn tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Èyí tí mo rà, ẹsẹ̀ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin ni, wọ́n fi bóòtù kéékèèké so wọ́n mọ́ra, kò sí igi tàbí irin kankan tó dábùú ẹ̀yìn ẹ̀. Orí ẹ̀ jẹ́ chipboard, ìyẹn iyẹ̀ igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, wọ́n wá fi ọ̀rá tó dà bí igi gidi bò ó. Lójú, ó rẹwà gan-an. Ọta ìbọn ìléwọ́ ló kọ́kọ́ gorí ẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tí ti ráífù dé ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀gẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra ẹ̀, mo bá fi sípánà fún un padà, ó tún tú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, wọ́ṣà ti rì sínú chipboard, etí ihò ti ń rún, iyẹ̀ igi ń dà sílẹ̀, ihò tó rí roboto tẹ́lẹ̀ ti gùn bí ẹyin. Mo ra wọ́ṣà tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ra irin pẹlẹbẹ tí mo fi tẹ́ abẹ́ ẹ̀. Mo ra irin tí mo fi dábùú ẹ̀yìn. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò lè gbà á padà torí mo ti lu ihò sí i, bẹ́ẹ̀ ta ló fẹ́ lo press láìlu ihò? Nígbà tí mo ro gbogbo owó yẹn pọ̀, ó ti ju owó pákó àti bóòtù tí mo wá fi kan èyí tí mò ń lò báyìí, chipboard ọ̀hún ò sì yéé rún.

Kẹ́ ẹ má wá rò pé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán ni o. Ẹ̀tù ni à ń wọ̀n níbẹ̀. Grain la fi ń wọ̀n ẹ̀tù, 7,000 grain ló wà nínú pound kan, sikéèlì wa sì ń kà á dé ìdámẹ́wàá grain kan. Bẹ́ńṣì tó ń gbọ̀n, sikéèlì onírin tí ọwọ́ ẹ̀ ń lọ sókè lọ sílẹ̀ ò ní dúró lójú kan, ẹ̀ẹ́ máa wò ó títí ojú á fi rẹ̀ yín, ti oníbátìrì náà á máa yí nọ́ńbà padà. Ẹ̀rọ tó ń da ẹ̀tù, bó ṣe kún inú ihò ẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bó ṣe wúwo, torí náà tí bẹ́ńṣì bá ń mì, ẹ̀tù á máa kì mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, èyí tó dà báyìí kò ní bá èyí tó dà ṣáájú mu. Ní ti press progressive tó ń yí kòròfo fúnra ẹ̀, tí kòròfo bá kún dé ẹnu tí bẹ́ńṣì wá ta gìrì, ẹ̀tù á dà jáde, ọta tí ẹ̀tù ẹ̀ ò sì pé lè há sínú ojú ìbọn. Ẹni tó bá tún yìnbọn tẹ̀ lé ọta tó há, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo mímì nìyẹn.

Ó yá, ká wá wo àwọn tó kù.

Bẹ́ńṣì tó ṣeé ká, irú Workmate: ó fúyẹ́, ibi tó fi dáa nìyẹn, ibi tó fi kù náà nìyẹn. Ẹni tí ò ní àyè nílé tó ń ki ọta ìbọn ìléwọ́ díẹ̀díẹ̀ lè so press mọ́ pákó nínípọn kan, kó fi bẹ́ńṣì yẹn dì í mú, kó ṣe tán kó ká a. Fún ráífù, rárá.

Tábìlì ọ́fíìsì àlòkù onírin, àwọn ti àtijọ́ tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń gbé e: mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bẹ́ńṣì inú páálí lọ, mi ò fi bò. Ó wúwo, dúrọ́ọ̀ ẹ̀ pọ̀, àwọn èèyàn sì sábà máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣáà rí ẹni gbé e kúrò nílẹ̀ fún wọn. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni orí ẹ̀, torí irin orí tábìlì yẹn tín-ín-rín, ó lè wọlé níbi tẹ́ ẹ bá de press mọ́. Ẹ tẹ́ plywood nínípọn lé e lórí, kí bóòtù gba inú méjèèjì kọjá. Dúrọ́ọ̀ àárín ni ọ̀tá tó wà níbẹ̀, ibi tó yẹ kí bóòtù gbà ló máa ń dí, ẹ̀ẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ó tún máa ń kúrú fún ẹni tó fẹ́ dúró ṣiṣẹ́.

Ilẹ̀kùn igi tó kún nínú tí wọ́n gbé lé kọ́bọ́ọ̀dù méjì: orí ẹ̀ dáa, abẹ́ ẹ̀ ni ẹ yẹ̀ wò, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná chipboard náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀kùn tó bá dún koro tẹ́ ẹ bá kàn án, tó ṣófo nínú, ẹ má gbé press lé e.

Bẹ́ńṣì onírin tí wẹ́dà jó: kò sí èyí tó le tó o, mo ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan, ẹ̀ẹ́ rò pé ara ilẹ̀ ló ti hù. Owó irin àti owó iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀, kò sì rọrùn láti gbé lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kúrò nílé. Tẹ́ ẹ bá mọ irin jó fúnra yín, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù.

Ó wá ku ti pákó tá a kàn fúnra wa. Kì í ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà, ẹni tó bá ní ayùn, dírílì àti sípánà lè ṣe é. National Reloading Manufacturers Association, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ títún ọta kì ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ ní àwòrán bẹ́ńṣì kan tí wọ́n yà fún iṣẹ́ yìí gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tẹ̀ lé e, ẹ lè fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ yí ibi tó bá yẹ padà. Àwọn ibi tí owó ń sá lọ nìkan ni màá sọ.

Ẹsẹ̀: ẹ lo igi 4x4, tàbí kẹ́ ẹ gbé 2x4 méjì mọ́ra. Ẹ rántí pé orúkọ lásán ni 2x4, íńṣì kan ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ lẹ máa bá tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n, torí náà ẹ wọ̀n èyí tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọlé díẹ̀ kí pákó tó dábùú lè jókòó sórí igi, kó má jẹ́ sikúrù nìkan ló gbé e dání. Bóòtù íńṣì mẹ́ta nínú mẹ́jọ tó gba inú igi kọjá pátápátá ni kẹ́ ẹ fi so ó, pẹ̀lú wọ́ṣà, ìṣó ò lè ṣe é.

Ẹ̀yìn: plywood kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi bo ẹ̀yìn látòkè dé ìdajì ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ fi sikúrù àti gọ́ọ̀mù dè é yíká, ni kò ní jẹ́ kó yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì mọ́. Ohun tí bẹ́ńṣì inú páálí tèmi ò ní nìyẹn, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Orí: plywood mílímítà 18 méjì, ẹ gọ́ọ̀mù wọn pọ̀, kẹ́ ẹ fi sikúrù dè é látìsàlẹ̀ kí orí lè tẹ́jú. Kẹ́ ẹ tó de orí yẹn mọ́ ẹsẹ̀, ẹ gbé press sórí ẹ̀ ná, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ihò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Tí ihò kan bá bọ́ sí etí pákó tó dábùú iwájú, bóòtù á kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kan, nọ́ọ̀tì ò ní ráyè jókòó, ẹ tún press sún tàbí kẹ́ ẹ ti pákó yẹn sẹ́yìn. Ẹ gbé press sún mọ́ ẹsẹ̀, ẹ má gbé e sáàárín, torí àárín ni orí bẹ́ńṣì ti máa ń tẹ̀ jù. Ẹ wo bí apá ẹ̀ ṣe máa lọ dé ìsàlẹ̀ láìgbá nǹkan kan.

Ògiri: ẹ fi sikúrù gígùn de ẹ̀yìn bẹ́ńṣì mọ́ ògiri, inú igi tó wà nínú ògiri ni o, kì í ṣe ojú ògiri lásán, tó bá sì jẹ́ bíríkì tàbí búlọ́ọ̀kù, bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò ni kẹ́ ẹ lò. Lẹ́yìn ìyẹn, dídà àti gbígbéra ti tán. Tó bá jẹ́ ilé àyágbé tí onílé ò fẹ́ ihò, ẹ fa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀ kó dé abẹ́ apá press, kẹ́ ẹ ṣe pẹpẹ kan sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá kó gbogbo ohun tó wúwo síbẹ̀, orí ọta, kòròfo, àpò iyanrìn. Orí ọta tí wọ́n fi òjé ṣe wúwo gan-an, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ̀tù ní tiẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nínú agolo tó bá wá, kó jìnnà sí iná àti ooru, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà sọ nípa ẹ̀.

Ta ló wá yẹ kó ra kí ni? Ẹni tó bá jẹ́ pé 9mm nìkan ló ń kì, tí kò ní ayùn, tí kò sì ní ẹni tó máa bá a gé igi, bẹ́ńṣì inú páálí lè tó o, tó bá jẹ́ èyí tí orí ẹ̀ jẹ́ igi gidi, tó ní irin tó dábùú ẹ̀yìn, tó sì máa dè é mọ́ ògiri. Kó tó sanwó, kó di etí ẹ̀ mú nínú ṣọ́ọ̀bù, kó fà á sọ́dọ̀ ara ẹ̀, kó tún tì í. Tó bá mì lófìfo báyẹn, ẹrù ò ní wò ó sàn. Ẹni tó bá rí tábìlì irin àtijọ́ lówó pọ́ọ́kú, kó gbé e. Ẹni tó bá ń ki ọta ráífù, tàbí tó mọ̀ pé òun máa débẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa, kó fi owó páálí yẹn ra pákó.

Igi tuntun ṣì máa ń gbẹ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti kàn án tán, ó máa ń sún kì díẹ̀, bóòtù á wá dẹ̀. Ẹ tún fi sípánà fún gbogbo wọn le lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó di press mú, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí padà.