Àgbéyẹ̀wò aṣọ ìmòòkùn mìlímítà 3 kan àti àwọn tí wọ́n tà á fún mi

Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni òtútù tó mú mi nínú omi tí ooru rẹ̀ tó 28°C, nígbà tí mo wọ aṣọ rọ́bà tuntun, tó nípọn tó mìlímítà 3, tí ọmọ ìtajà fọwọ́ sọ̀yà pé òtútù kò ní rí mi gbé ṣe nínú rẹ̀. A wà nínú omi fún ìgbà tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, a kò jìn ju mítà 20 lọ, àmọ́ eyín mi ti ń gbá ara wọn lórí ẹ̀rọ tí mo fi ń mí. Bí mo bá ti fẹsẹ̀ gbá omi báyìí, omi tútù á gba ẹ̀yìn ọrùn wọlé, á ṣàn kọjá níbi tí ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ wọnú lókè ìbàdí, á sì kó gbogbo ooru tó wà nínú aṣọ náà lọ. Mo fi àmì hàn afinimọ̀nà wa pé òtútù ń mú mi, a sì gòkè nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì kù dáadáa nínú sílíńdà mi. Inú bí mi gidigidi.

Ẹni tí kò mòòkùn rí lè rò pé mo ń sọ àsọdùn. Omi máa ń gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń gbà á lọ, ara wa sì wà ní nǹkan bí 37°C, nítorí náà omi 28°C, bó ti wù kó tuni lára tó nígbà tí a kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ń fa ooru wa lọ láìdáwọ́ dúró. Ooru tí a pàdánù nígbà àkọ́kọ́ kì í sábàá padà tán kí a tó tún wọ omi, pàápàá bí ènìyàn bá jókòó sínú atẹ́gùn lórí ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Mo mọ àwọn tó ń wọ lycra, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fà tó sì ń lẹ̀ mọ́ ara, nínú omi 30°C tí ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Lycra ń dáàbò bo awọ ara lọ́wọ́ oòrùn, jellyfish àti iyùn, àwọn ẹ̀dá inú òkun tó ń ta ni, ṣùgbọ́n ṣàṣà ni ooru tó ń pa mọ́, kò sì lè tó irú èmi tí ara mi tín-ín-rín.

Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ilé ìtajà náà, kò sì gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó bi mí bí mo ṣe ga tó àti bí mo ṣe wúwo tó, ó wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì fa aṣọ kan yọ. Mo ní ó ṣò díẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, omi ni yóò kún ibẹ̀, ara yín á sì mú un gbóná. Nínípọn aṣọ ni ohun gbogbo.” Irọ́ ni. Àwọn ihò tíńtìntín tí gáàsì kún inú wọn nínú rọ́bà neoprene ló ń dí ooru lọ́nà. Omi tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kéré, kí ó sì dúró sójú kan. Nínípọn náà pàápàá kì í dúró bákan náà, nítorí ní mítà 20, agbára tó ń tẹ̀ wá ti di ìlọ́po mẹ́ta ti ojú omi, rọ́bà náà á sì fún pọ̀. Kò ní kí n gbé apá sókè, kò ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, ọ̀gá wọn sọ fún mi pé aṣọ tó ti rí omi iyọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbà padà. A ń ṣe awuyewuye lórí èyí lọ́wọ́ ni ìyá kan tí ń tún aṣọ ṣe ní ẹ̀yìn ilé ìtajà náà jáde wá. Wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n na apá méjèèjì sókè, kí n lóṣòó, kí n yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ki ìka méjì bọ ẹ̀yìn ọrùn mi, wọ́n fa aṣọ náà lókè ìbàdí, ó sì kún wọn lọ́wọ́. “Ọmọ mi, aṣọ yìí kò burú, kò bá ara rẹ mu ni.” Wọ́n mú òmíràn wá, ilé iṣẹ́ kan náà, mìlímítà 3 kan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n gé fún ẹni gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ní ìgbátí rọ́bà lẹ́yìn sípù. Mo béèrè bóyá mìlímítà 5 kò ní sàn jù. Wọ́n ní bí rọ́bà bá ṣe ń nípọn sí i ni yóò máa gbé mi léfòó sí i, tí n óò sì ní láti so òjé púpọ̀ sí i mọ́ ìbàdí. Kí n kúkú wá àwọ̀tẹ́lẹ̀ fẹ́lẹ́ tó ní ìbòrí fún ìgbà tó bá kẹ́yìn lóòjọ́. Wọ́n yíjú sí ọ̀gá wọn, wọ́n ní kí ó kọ orúkọ àwọn sílẹ̀ fún pàṣípààrọ̀ náà, ọkùnrin náà sì dákẹ́.

Láti ìgbà náà, omi máa ń wọlé díẹ̀ nígbà tí mo bá kọ́kọ́ bọ́ sínú òkun, lẹ́yìn ìyẹn kì í mì mọ́. Mo ń wo ẹja bó ti wù mí, mo sì ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú rírán rẹ̀ kí wọ́n tó rán an, abẹ́rẹ́ kò sì dá rọ́bà náà lu já. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Okùn sípù rẹ̀ ti ń tú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún débi pé mo ní láti fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ kí n tó lè wọ̀ ọ́. Omi tí kò níyọ̀ ni mo fi ń ṣàn án, abẹ́ ibòji ni mo sì ń sá a sí, nítorí oòrùn ń ba rọ́bà jẹ́.

N kò ní fi aṣọ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Máàkì tí mo fún wọn ni 2 nínú 5, nítorí ẹni tó bá wọ ilé ìtajà náà lọ́jọ́ tí ìyá yẹn kò sí, ọmọkùnrin yẹn ni yóò dá a lóhùn.