Ọdún Méjì Pẹ̀lú Ọ̀bẹ Ìwalẹ̀ Mi: Irin Rẹ̀ Dára, Àkọ̀ Rẹ̀ Ló Bà Á Jẹ́

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ tí mo fi ń walẹ̀ wá owó àtijọ́ yìí jáde láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí oko kan ní Kent, ìgbànú mi ni mo so ó mọ́ bí ọdẹ. Mi ò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin tí ọlọ́pàá kan ti ní kí n dúró. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì rí i bá wí. Irin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tó ní eyín bí ayùn, tó ń fì nídìí ọkùnrin dúdú kan láàárọ̀ Sátidé, ta ni kò ní béèrè? Ìwé àṣẹ tí àgbẹ̀ tó ni oko kọ fún mi, àti ẹ̀rọ awárin tó wà léjìká mi, ló gbà mí sílẹ̀.

Ẹ̀rọ awárin ń ké tí owó àtijọ́ tàbí bọ́tìnnì bá wà nínú ilẹ̀, àmọ́ kì í walẹ̀. Ọ̀bẹ ìwalẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Pọ́n-ùn 45 ni mo ra tèmi. Ó rí bí ọmọ tí ṣọ́bìrì bí fún àdá. Tí mo bá wà lórí pápá tí màlúù ń jẹ, eyín rẹ̀ ni mo fi ń rẹ́ koríko lápá mẹ́ta, màá ṣí i bí ẹni ṣí ìwé, màá mú ohun tí mo rí, màá pa á dé, màá sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá rìn díẹ̀ tí mo wẹ̀yìn, èmi gan-an kì í mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Torí ẹ̀ ni àgbẹ̀ náà fi ń jẹ́ kí n padà wá. Báyìí ni mo ṣe hú sísì fàdákà ayé Victoria kan. Sísì! Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ ti ka kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti ṣílè sí létí rí ló máa mọ bó ṣe rí lára mi. Irú sísì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìṣúra lójú òfin ìṣúra 1996 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí pé mò ń wá coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń fi ìṣúra tó létí, kiri láàárín ọjọ́ 14.

Akọ òkúta pọ̀ nílẹ̀ Kent, kò sì pẹ́ tí ẹnu irin náà fi kújú. Fáìlì pẹlẹbẹ ni mo fi ń pọ́n ọn. Apá tí wọ́n ti pọ́n tẹ́lẹ̀ nìkan ni mò ń fá, mi kì í kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má pọ́n ọn bí abẹ o, ẹnu tó bá fẹ́lẹ́ jù ni òkúta kọ́kọ́ ń ká. Eyín rẹ̀ ń fẹ́ fáìlì roboto kékeré, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì gba sùúrù débi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mò ń ṣe é.

Ó máa ń dógùn-ún. Tí mo bá délé, màá fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, màá nù ún gbẹ, màá fi òróró díẹ̀ pa á lára. Lọ́jọ́ Àìkú kan tó rẹ̀ mí, mo kì í bọ àkọ̀ bó ṣe wà. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́rú, ó ti pọ́n bí ẹni kun osùn.

Ní ti àkọ̀, wọn ì bá má fi kún un. Aṣọ ni, òwú sì ni wọ́n fi rán an. Wọ́n ní ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eyín tèmi ti rẹ́ òwú náà tán, ṣóńṣó rẹ̀ yọ, ó sì gún mi nítan. Mo wá fi omi gbígbóná rọ páìpù omi oníke kan, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, mo sì lu ihò sídìí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Àkọ̀ nìyẹn!

Láti ọjọ́ ọlọ́pàá yẹn, inú àkọ̀ ló ń wà tí mo bá wà lójú ọ̀nà, màá fi tówẹ̀lì wé e, ó di ìsàlẹ̀ báàgì lábẹ́ bàtà òjò. Ìwé àgbẹ̀ ń wà lápò òkè. Nítorí àwọn tí a jọ wọ ọkọ̀ ni mo ṣe ń fi í pamọ́. Tí ọlọ́pàá bá béèrè, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ pé ó wà níbẹ̀. Òfin 1988 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kéèyàn gbé ohun ẹlẹ́nu mímú rìn níta láìnídìí tó yè, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 4. Ọ̀bẹ àpò tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ, nìkan ló yọ sílẹ̀. Ẹnu tèmi tó íǹṣì 7. Oko tí mò ń lọ ni ìdí mi. Tí mo bá ti délé, ìdí ti tán. Mo ti gbé báàgì yẹn lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé kan láìmọ̀ pé ó ṣì wà nínú rẹ̀. Òógùn bò mí nígbà tí ọwọ́ mi kàn án, torí "mo gbàgbé" nìkan kì í ṣe ìdí nílé ẹjọ́. Láti ìgbà yẹn, alẹ́ ọjọ́ tí mo bá ti oko dé ni mò ń yọ ọ́.

Mo fi téèpù pupa wé èèkù rẹ̀, kó má bàa sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́ nínú koríko. Bó bá sọ nù náà, irú rẹ̀ ni màá tún rà, àmọ́ inú páálí ni màá fi àkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Ṣọ́bìrì ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú tí mo kọ́kọ́ rà, tó tẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìyàwó mi ló ń fi gbin tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé báyìí.