Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ bá "Ajíhìnrere" rìnrìn-àjò: ohun ọ̀fẹ́ ló tà fún wa ní Róòmù

Ẹ̀yin ará, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ìpolówó kan tún ti ń kiri lórí WhatsApp láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ìrìn-àjò mímọ́ sí Lourdes ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ mẹ́fà, àyè kù díẹ̀. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà fóònù kan náà ni, ohùn tó ń polówó rẹ̀ ò sì yí padà. Mo mọ ohùn yẹn. Òun ló kó èèyàn 38 lọ sí Róòmù ní oṣù Kẹwàá 2025, èmi àti màámi sì wà níbẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ajíhìnrere là ń pè é. Kó tó dárúkọ iye owó, á ti kọ́kọ́ gbàdúrà fún ẹ. Tó o bá béèrè rìsíìtì, á rẹ́rìn-ín múṣẹ́: "Màmá, ṣé ẹ ò fọkàn tán iṣẹ́ Olúwa ni?" Ta ló fẹ́ dáhùn ìyẹn lójú gbogbo ìjọ? Gbogbo wa dákẹ́, a sanwó.

£1,450 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì "ní Róòmù", bọ́ọ̀sì, oúnjẹ àárọ̀, àti ọjọ́ kan gbáko ní Assisi, ìlú Francis Mímọ́. Nígbà tí owó ti wọlé tán ló wá ń kó àfikún jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: £60 fún tíkẹ́ẹ̀tì ìpàdé Póòpù, £35 láti gba Ilẹ̀kùn Mímọ́ (ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń ṣí lọ́dún Júbílì nìkan) wọlé nítorí pé ọdún Júbílì ìjọ Kátólíìkì ni, £25 láti gun Àtẹ̀gùn Mímọ́.

Ẹ jẹ́ n dúró síbí díẹ̀, torí ibí gan-an ló ti rí wa mú. Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọlé sí ìpàdé Póòpù ní Ọjọ́rú. Vatican kì í tà á. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé Póòpù lẹ máa kọ̀wé sí, tí wọ́n bá sì ti fún yín, ẹ̀ṣọ́ Swiss tó dúró níbi Ilẹ̀kùn Idẹ lẹ máa lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun. Ní Sọ́ńdè, tí Póòpù bá yọjú lójú fèrèsé ní aago méjìlá ọ̀sán láti gbàdúrà Angelus, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan, ẹsẹ̀ yín lẹ máa fi rìn wọ gbàgede. Ọ̀fẹ́ ni Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ máa tò pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ àpò wò, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ gun òkè òrùlé rìbìtì yẹn ló ń sanwó. Ilẹ̀kùn Mímọ́ náà, èèyàn kàn ń forúkọ sílẹ̀ ni lọ́dún Júbílì, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Àtẹ̀gùn Mímọ́ ló dùn mí jù. Ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Mímọ́ ti Lateran ló wà, àtẹ̀gùn mábù 28, eékún ni wọ́n fi ń gùn ún. Màámi ti pé ẹni ọdún 71, eékún sì ń dùn wọ́n. Wọ́n ká ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n gbàdúrà kan lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, èmi wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọ̀pá. Ó gbà wá tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tá a dókè, wọ́n la ọwọ́ wọn, wọ́n na "tíkẹ́ẹ̀tì" Ajíhìnrere sí obìnrin kan tó jókòó níbẹ̀. Ìwé funfun lásán ni, àwòrán Póòpù wà lórí rẹ̀, òógùn sì ti jẹ́ kí tádàwà rẹ̀ ràn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ màámi. Obìnrin yẹn wo ìwé, ó wo màámi, ó rọra mi orí, ó sì ká ọwọ́ wọn padà mọ́ ìwé náà. Màámi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ẹ tún wo ètò tó pín fún wa: "Ọjọ́ kẹta, Sọ́ńdè, Sistine Chapel." Inú Musiọ́mù Vatican ni Sistine Chapel, ilé àdúrà Póòpù, wà, Musiọ́mù Vatican sì máa ń tì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àfi Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù. Sọ́ńdè kejì oṣù la dé ẹnu géètì. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ ló yí ètò padà lójijì. Irọ́ ni. Ẹni tó bá ti kó èrò débẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan péré, ó yẹ kó mọ̀. €20 ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tẹ́ ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, €5 sí i. Ẹ fi kàlẹ́ńdà yẹ ètò tí wọ́n bá fún yín wò.

Òtẹ́ẹ̀lì "ní Róòmù" ńkọ́? Civitavecchia ni, èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń gúnlẹ̀ sí, ó tó nǹkan bí 70 kìlómítà sí Róòmù. Bọ́ọ̀sì wá fún ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta awakọ̀ ní wọn ò tíì sanwó òun. Àwa fúnra wa la wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró ní ibùdókọ̀ San Pietro, tẹ́ ẹ bá sọ̀ níbẹ̀ ẹ lè rìn dé ọ̀dọ̀ Pétérù Mímọ́. (Ká sòótọ́, ọkọ̀ ojú irin yẹn tù mí lára ju bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.) Ọjọ́ kan gbáko ní Assisi di àádọ́ta ìṣẹ́jú. A sáré wo ibojì Francis Mímọ́, a ò dé ọ̀dọ̀ Carlo Acutis, ọmọ ọdún 15 tó kú ní 2006 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di ẹni mímọ́ ní September 7, 2025. Tìtorí ọmọ yẹn ni màámi ṣe gbà láti lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Ó lẹ àmì ATOL (ètò tó ń dáàbò bo owó ẹni tó ra ìrìn-àjò òfuurufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) àti nọ́ńbà mọ́ ìpolówó rẹ̀. Àfìgbà tá a dé ni àbúrò mi tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì CAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ilé iṣẹ́ mìíràn ló gbé jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹni tó bá ta ọkọ̀ òfuurufú àti òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ fún yín gbọ́dọ̀ fún yín níwèé ẹ̀rí ATOL ní kété tó bá ti gbowó, ì báà ṣe àsansílẹ̀. Òun ní ká san owó ọkọ̀ òfuurufú sí àkáǹtì tirẹ̀, ká san ti òtẹ́ẹ̀lì sí ti ìyàwó rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ní páálí Nàìjíríà, £300 ló gbà lọ́wọ́ wọn fún físà "tó dájú". €90 ni owó físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ Ítálì àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, fún àgbà, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n máa fún yín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò kúrò nílé.

Àǹtí kan ṣoṣo ló rí owó rẹ̀ gbà. Ó fi credit card san £150 àsansílẹ̀ fún un, Ajíhìnrere sì lejú. Òfin Section 75 ló gbè é: tí ohun tẹ́ ẹ rà bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000, tẹ́ ẹ bá fi credit card san díẹ̀ níbẹ̀, ẹ lè béèrè gbogbo owó lọ́wọ́ báǹkì.

Ní báyìí, Lourdes ló kàn. Lórí ìpolówó tuntun yẹn, £40 ni fún ìwọ́de àbẹ́là, £20 fún ìgò omi kan. Ọ̀fẹ́ ni ìwọ́de náà, alaalẹ́ ni wọ́n ń ṣe é tí àsìkò bá tó, àbẹ́là lẹ máa rà. Omi náà, ẹnu ẹ̀rọ ló ti ń ṣàn nítòsí ihò àpáta tí Bernadette ti rí Ìyá Màríà ní 1858. Ẹ mú ìgò yín dání, kẹ́ ẹ pọn ún.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó pe báǹkì rẹ̀ lónìí, 159 ni nọ́ńbà náà níbí. Àwa mọ́kànlá ti kóra jọ nínú àwọn 38 yẹn. Ẹni tó bá bá wa lọ, kó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó sì jọ̀ọ́ má pa àwọn àdúrà tó fi ohùn rẹ̀ gbà sórí WhatsApp rẹ́. Inú wọn ló ti dárúkọ iye owó.