Ìkòkò Òdòdó Kékeré Aláwọ̀ Ọsàn: Ta Ló Ṣe É Gan-an?

Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ooru tó kọjá ni mo ra ìkòkò òdòdó kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́n-ùn 14 ni mo san. Gíláàsì ni, ó ní àwọ̀ ọsàn, ara rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bí èèpo igi tó ti gbó. Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn pé Murano, erékùṣù kan nílẹ̀ Ítálì tí iṣẹ́ gíláàsì rẹ̀ lókìkí, ni wọ́n ti ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lò ó kí n tó kọ àgbéyẹ̀wò yìí, nítorí mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é ní tòótọ́ kí n tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé náà kò tọ̀nà: ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni ìkòkò náà. Ilé iṣẹ́ gíláàsì Whitefriars ló ṣe é, ilé iṣẹ́ tó ti wà lẹ́bàá òpópónà Fleet Street láyé àtijọ́, lórí ilẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíkì aláṣọ funfun ń gbé nígbà kan rí. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. James Powell rà á ní ọdún 1834, wọ́n kó o lọ sí Wealdstone ní Harrow ní 1923, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí iná ìléru wọn fi kú ní 1980. Geoffrey Baxter, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ní 1954, ló dá irú ìkòkò tí mo rà yìí sílẹ̀. Ó kó èèpo igi, bíríkì, ìṣó àti wáyà jọ, ó fi wọ́n ṣe mọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń fẹ́ gíláàsì gbígbóná sínú mọ́ọ̀dù náà kí àpá nǹkan wọ̀nyí lè hàn lára rẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n jáde sí ọjà. Èyí tí àwọn tó ń kó gíláàsì jọ mọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní Drunken Bricklayer, nítorí pé àárín rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí iṣẹ́ bíríkìlà tó ti mutí yó, owó rẹ̀ kò sì kéré rárá. Eléèpo igi bíi tèmi wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá tálákà sì ká a.

Ohun tó mú kí ó ṣòro láti dá a mọ̀ ni pé Whitefriars kì í kọ orúkọ sára irú iṣẹ́ yìí. Ìwé pélébé tó ní àwòrán ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn aláṣọ funfun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, omi àti ọṣẹ sì ti bó o kúrò lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ara ìkòkò fúnra rẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ bi. Mo kọ́kọ́ wọn gíga rẹ̀: ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 lé díẹ̀, èyí tí í ṣe ínṣì 6. Nínú ìwé ọjà Whitefriars, ìwọ̀n mẹ́ta ni ìkòkò róbótó eléèpo igi ní: nọ́ńbà 9690 jẹ́ ínṣì 6, 9689 jẹ́ ínṣì 7 àti ààbọ̀, 9691 sì jẹ́ ínṣì 9. Iṣẹ́ ọwọ́ kò lè ṣàì ní ìyàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí gíga rẹ̀ bá jìnnà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó yẹ kí a fura sí i.

Lẹ́yìn náà ni mo dorí rẹ̀ kodò lẹ́bàá fèrèsé. Ìdí rẹ̀ nípọn, ó wúwo ju bí a ti lè rò lọ, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ títí ó fi tẹ́jú tó sì ń dán. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìpele méjì ni gíláàsì náà: èyí tó ní àwọ̀ wà nínú, èyí tí kò ní àwọ̀ kankan sì bò ó lóde, bí funfun ẹyin tútù ṣe ń bo pupa rẹ̀. Àwọ̀ náà kò dọ́gba. Lápá ẹnu, ó pọ́n bí epo pupa tó ń yọ́ lórí iná. Nísàlẹ̀, ó rí bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n dénú. Tangerine ni Whitefriars ń pe àwọ̀ yìí, ọdún 1969 ni wọ́n sì mú un wọ inú irú iṣẹ́ yìí, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìkòkò eléèpo igi aláwọ̀ ọsàn ti wà láti 1967, ẹ má gbà á gbọ́. Láàárín 1969 sí 1980 ni wọ́n ṣe tèmi.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpele méjì yìí ló ṣi oníṣọ́ọ̀bù lọ́nà, nítorí àwọn ará Murano náà máa ń fi gíláàsì tí kò ní àwọ̀ bo aláwọ̀. Àwọn mìíràn tún wà tó jọ ọ́. Ní Finland, Timo Sarpaneva fi igi ṣe mọ́ọ̀dù fún ilé iṣẹ́ Iittala, gíláàsì gbígbóná sì ń jó igi náà, ṣùgbọ́n orúkọ sábà máa ń wà ní ìdí tirẹ̀. Àwọn ará Jámánì náà ṣe eléèpo igi aláwọ̀, àwọn yìí ló sì le jù láti yà sọ́tọ̀. Kìkì ìgbà tí gíga, àwọ̀ àti ìdí bá jọ bá ìwé ọjà Whitefriars mu ni ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Mo tún lọ sí Headstone Manor ní Harrow, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí kò jìnnà sí ibi tí ilé iṣẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀, tó sì ní àkójọ gíláàsì Whitefriars. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Mo di fọ́tò tèmi mú lórí fóònù, mo ń wo tiwọn, mo ń wo tèmi, ó sì dùn mọ́ mi nínú gidigidi.

Ní ti ìlò, òdòdó mẹ́ta sí márùn-ún ló gbà, kò sì rọrùn láti ṣubú nítorí ìdí rẹ̀ tó wúwo. Àléébù rẹ̀ ni pé eruku máa ń há sínú àwọn ihò èèpo náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Omi Lọ́ńdọ̀nù náà máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ nínú rẹ̀. Fínígà tí a bù sí i di ọjọ́ kejì máa ń ṣí i kúrò. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká, nítorí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣán.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún ìkòkò yìí. Méjì péré ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n sì fi ìwé wé e kó má baà fọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ ṣàlàyé fún ìyá tó ni ibẹ̀, wọ́n dúpẹ́, síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ìwé Murano ṣì wà lára ìkòkò gíláàsì mẹ́ta mìíràn, tí ìlà ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé sì hàn gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ọ̀kan nínú wọn, èyí tí kì í sábà hàn lára iṣẹ́ ọwọ́ Murano. Màá tún lọ rajà níbẹ̀, pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù ìwọn-nǹkan nínú àpò mi.