Choreomundus: bàtá náà wọ yunifásítì

Ẹ̀yin ará Àbújá tẹ́ ẹ ní ọmọ tó fẹ́ràn ijó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí. Àbúrò mi obìnrin tá a jọ ń gbé ní Kubwa ló lọ ṣe Choreomundus, máásítà ọdún 2 lábẹ́ Erasmus Mundus (ètò ẹ̀kọ́ máásítà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń ṣe agbátẹrù ẹ̀), yunifásítì 4 ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, Clermont-Ferrand ní Faransé, Trondheim ní Nọ́wè, Szeged ní Họ́ńgárì àti Roehampton ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á máa kó láti ibì kan bọ́ síbòmíì ni. Ijó àti àṣà ni wọ́n ń kọ́ o, kódà wọ́n ń kọ ẹsẹ̀ ijó sílẹ̀ bí ẹni kọ orin.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fídíò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ní bàtá, ọmọ Íńdíà kan ń ju èjìká ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá ìlù mu, àbúrò mi ní "rọra, gbọ́ omele ná". Omi bọ́ lójú mi. Ijó tí màmá wa máa ń torí ẹ̀ nà án!

Ìyà físà ò kéré ṣá. Ajẹ́ńtì kan ní Wuse sì gba owó wa, kò ṣe nǹkan kan, àbúrò mi ló padà fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fúnra ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fún ajẹ́ńtì kankan lówó. Ohun tó kù tó ń dùn mí ni pé nínú yunifásítì 4 yẹn, kò sí ti Áfíríkà kankan, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀ gan-an.